Ajá Tó Ń Kùn Lórí Abọ́ Oúnjẹ: Ohun Tó Ń Sọ, Àti Bí Ọkàn Rẹ̀ Ṣe Lè Balẹ̀

Ajá tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tọ́ dàgbà, tó máa ń sáré pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, tó máa ń gbé orí lé yín lẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá jókòó, òun náà ló kùn mọ́ yín lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tẹ́ ẹ kọjá lẹ́bàá abọ́ rẹ̀. Ara yín bù máṣọ. Ẹ̀rù bà yín, àmọ́ ìbínú yín ju ẹ̀rù lọ: ṣé èmi tí mò ń bọ́ ọ ni ò ń kùn mọ́? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ajá ló ti dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà ló sábà máa ń pinnu bóyá ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀ tàbí á di ọ̀rọ̀ eyín.

Mo fẹ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa, torí ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù lórí rẹ̀ gan-an ló ń bà á jẹ́. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fìyà jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ gba abọ́ náà kó lè mọ̀ pé ẹ̀yin lọ̀gá, kẹ́ ẹ máa tọwọ́ bọ oúnjẹ rẹ̀ láti kékeré kó lè mọ́ ọn lára. Mo ti gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ gbọ́ rí, ajá mi ló sì jìyà rẹ̀. Màá dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Ohun tí ajá ń ṣe yìí là ń pè ní ìṣọ́ oúnjẹ. Ó ní nǹkan kan tó ka sí iyebíye, ó rí i pé ẹnì kan ń sún mọ́ ọn, ó sì ń ṣe gbogbo ohun tó mọ̀ kí ẹni náà má bàa gbà á. Kì í ṣe oúnjẹ inú abọ́ nìkan. Ajá kan á jẹun níwájú yín láìbìkítà, àmọ́ ẹ má dán egungun rẹ̀ wò. Òmíràn, ìbọ̀sẹ̀ tó jí gbé lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń ṣọ́. Òmíràn ń ṣọ́ ibi tó ń sùn, bẹ́ẹ̀ sì ni òmíràn a máa ṣọ́ ẹnì kan nínú ilé kí ajá kejì má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí kan náà ló wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀: ẹ̀rù àdánù.

Kí ajá tó di ẹran ilé, àwọn baba ńlá rẹ̀ ń fẹsẹ̀ ara wọn wá oúnjẹ kiri. Èyí tí kò bá lè dáàbò bo ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, ebi ló máa pa á. Àwọn tó ṣọ́ tiwọn ló yè, àwọn ló bímọ, ọmọ ọmọ wọn ló sì wà nílé yín yẹn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Inú ajá ò yàtọ̀ sí tiwa lórí èyí. Torí náà, ẹ yọ ọ̀rọ̀ àìmoore kúrò ńbẹ̀. Ajá ò mọ̀ pé owó yín lẹ fi ra oúnjẹ náà. Ohun tó mọ̀ ni pé ó wà lábẹ́ imú òun, òun ló ni ín, ẹnì kan sì ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ "jẹ́ kó mọ ọ̀gá rẹ̀"

Èrò yìí ti wọ ọ̀pọ̀ èèyàn lára débi pé ó yẹ ká wo ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1947, onímọ̀ ẹranko kan ní Switzerland tó ń jẹ́ Rudolph Schenkel kọ̀wé nípa àwọn ìkookò tó ń wò nínú ọgbà ẹranko. Wọ́n kó àwọn ìkookò yẹn pọ̀ sójú kan, wọn ò ríbi sá fún ara wọn, ìjà sì pọ̀ láàárín wọn. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti mú un pé gbogbo agbo ìkookò ló ní ọ̀gá kan tó ń fagbára mú àwọn tó kù sábẹ́, wọ́n sì gbé e wá sórí ajá ilé. L. David Mech, ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ìkookò, wà lára àwọn tó tan èrò náà kálẹ̀ lọ́dún 1970. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ ń wò wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé gan-an, ní erékùṣù Ellesmere lápá àríwá Kánádà, ó rí i pé ẹbí ni agbo ìkookò: bàbá, ìyá, àtàwọn ọmọ wọn. Lọ́dún 1999, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé jáde láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ohun tó kàn wá jù nínú gbogbo àkíyèsí Mech ni èyí: ohun tó bá ti wà lẹ́nu ìkookò kan ti di tirẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú agbo pàápàá á dáàbò bo tirẹ̀ lọ́wọ́ èyí tó jù ú lọ. Ẹ ò rí i pé ajá tó ń kùn lórí abọ́ kò bá ẹnikẹ́ni du oyè. Tẹ́ ẹ bá wá lọ fi ìyà kọ́ ọ pé ẹ̀yin lọ̀gá, ohun tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ gan-an ni pé ẹ̀rù tó ń bà á tẹ́lẹ̀ tọ́: lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá dé, nǹkan máa bàjẹ́.

Dúdú

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni Dúdú, ajá mi, nígbà tí mo gbà á. Inú abọ́ fẹ̀ǹgẹ̀ kan ṣoṣo lòun àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ mẹ́jọ ti ń jẹun, èyí tó bá yára ló ń yó. Ẹnì kan tó ti ń sin ajá tipẹ́ sọ fún mi pé kí n tètè gba ìwà ìjẹkújẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: kí n máa gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí n ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá, kí n tó dá a padà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé mò ń tọ́ ọ dáadáa ni.

Lọ́sẹ̀ kìíní, ó kàn ń wò mí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára jẹun, ó ń gbé e mì láìjẹ, ó sì há a lọ́fun lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló wá ń le gbagidi tó bá ti gbóhùn ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó pé oṣù méjì tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó kùn. Mo pariwo mọ́ ọn, mo fọwọ́ gbá ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Kíkùn náà dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn, inú mi sì dùn pé mo ti borí. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀, mo na ọwọ́ sí abọ́, kò kùn, kò gbó, kò ṣe nǹkan kan, eyín rẹ̀ ti wọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rù tó ń ba ajá yẹn ò kúrò níbì kan. Ìkìlọ̀ tó ń fún mi ni mo lù kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Kíkùn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ajá. Ó ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, dúró níbẹ̀, ara ò rọ̀ mí." Ajá tó ń kùn ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀, ó ṣì ń wá ọ̀nà tí kò ní fi gé yín jẹ. Tó bá ti mọ̀ pé kíkùn ń fa ìyà, á fò ó, á sì kàn bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn á wá máa sọ pé, "Ajá náà kàn ṣàdédé bù mí jẹ ni." Kò ṣàdédé. Wọ́n ti sọ fún un tipẹ́ pé kó má sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Guelph ní Kánádà gbé àbájáde ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn tó ń sin ajá jáde. Ajá tí wọ́n máa ń gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ló ṣeé ṣe jù kó máa fi ìbínú ṣọ́ oúnjẹ. Ajá tí wọ́n máa ń ju ohun aládùn kún oúnjẹ rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́, àtèyí tí wọ́n ti kọ́ láti ju ohun ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, tiwọn ò le tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ò lè sọ èwo ló fa èwo; bóyá ẹni tájá rẹ̀ ti ń kùn tẹ́lẹ̀ ló ń gba abọ́. Àmọ́ ó bá ohun tí ojú mi rí mu délẹ̀délẹ̀.

Kó tó kùn, ó ti sọ̀rọ̀

Ẹ dúró lókèèrè lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ wo ajá yín bó ṣe ń jẹun nígbà tẹ́nì kan ń kọjá. Ajá tára rẹ̀ rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á rọ wọ̀ọ̀, ìrù rẹ̀ á máa mì fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, á gbé orí sókè wo ẹni náà, á tún padà sídìí oúnjẹ bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Èyí tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ yàtọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rí ni pé ó ń jẹun yára sí i. Lẹ́yìn náà, ó dúró lójijì: ẹnu ò jẹun mọ́, àmọ́ orí ò kúrò lórí abọ́. Ọrùn rẹ̀ le, èjìká rẹ̀ sì bo abọ́ bí ẹni ń fi ara dínà. Kò yí orí pa dà wò yín, ojú rẹ̀ nìkan ló yí, ẹ sì rí funfun ojú náà ní ẹ̀gbẹ́ kan bí oṣù tuntun. Ẹ wo ìrù rẹ̀ dáadáa, torí ó ṣeé ṣe kó ṣì máa mì. Ìrù tó le gan-gan tó sì ń yára mì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ìdùnnú. Ètè ká sókè díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kíkùn tó dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni kó gbá eyín mọ́ afẹ́fẹ́ láìkan ara yín, lẹ́yìn rẹ̀ ni gígé jẹ.

Gbogbo èyí lè gba ìṣẹ́jú kan, ó sì lè má tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ibi tó ti dúró lójijì yẹn ni kẹ́ ẹ mọ̀ bí ẹni mowó. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ dúró, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí i, kẹ́ ẹ rọra padà sẹ́yìn. Ẹnì kan lè ní ẹ ti jẹ́ kí ajá borí. Rárá o. Ẹ ti jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ gbọ́ ohun tó sọ kó tó di ariwo.

Dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí

Pàápàá jù lọ tó bá jẹ́ pé ajá náà kì í ṣọ́ oúnjẹ tẹ́lẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Eyín tó ń dùn ún, etí tó ń ro ó, oríkèé tó wú, gbogbo rẹ̀ lè mú kájá má fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sún mọ́ òun. Aràn inú, àtọ̀gbẹ, tàbí ẹ̀yà inú tí wọ́n ń pè ní pancreas tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa tí oúnjẹ ò fi dà nínú, lè mú kí ebi máa pa ajá tó ń jẹun yó. Oògùn náà ń ṣe é: prednisolone tí wọ́n fi ń tọ́jú ara yíyún, àti phenobarbital tí wọ́n fi ń tọ́jú wárápá, àwọn méjèèjì máa ń jẹ́ kí ebi pa ajá ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má fúnra yín dá oògùn náà dúró. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún dókítà tó kọ ọ́. Kò sí ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ lè kọ́ ajá tí ìrora ń bá jà tí á wọ̀ ọ́ létí.

Bí ilé á ṣe tòrò kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ kíkùn yẹn, ẹ yí ibi tájá ti ń jẹun padà. Kó máa jẹun níbi tí ẹsẹ̀ ò pọ̀ sí, nínú yàrá tó ní ilẹ̀kùn tàbí lẹ́yìn géètì kékeré. Ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ jáde, ẹ tilẹ̀kùn. Tó bá jẹun tán, ẹ pè é jáde, tó bá ti jìnnà síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó lọ kó abọ́. Egungun àti ohun tó máa ń jẹ fún ìgbà pípẹ́, ẹ má fún un mọ́ ní gbangba. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń jí, ẹ kó o sókè. Gbogbo ìgbà tájá bá rí ìdí láti kùn, ńṣe ni ìwà náà ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i; tẹ́ ẹ bá ṣe ilé lọ́nà tí kò fi ní ìdí láti kùn, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba èyí náà tó wọn. Tó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì ló ń gbé níbẹ̀, tí kò sọ́mọdé, kò séwu nínú pé kí ajá máa jẹun nínú yàrá tirẹ̀ títí ayé.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ò gba eré rárá. Ọmọ kékeré ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ajá tó dúró jẹ́ẹ́ àtèyí tó le gbagidi. Ojú rẹ̀ ló bá ẹnu ajá dọ́gba. Bẹ́ẹ̀, ajá tó sábà máa ń gé ọmọ kékeré jẹ kì í ṣe ajá ìgboro, ajá tọ́mọ náà mọ̀ ni. Kí ilẹ̀kùn tó tì wà láàárín ọmọdé àti ajá tó ń jẹun, nígbàkúùgbà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan bá yín ṣe ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó.

Tó bá jẹ́ ajá méjì ni wọ́n ń bára wọn ṣe é, ẹ má kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ tí wọ́n bá ń jẹun. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ náà gan-an

Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yí padà ni ìtumọ̀ ohùn ẹsẹ̀ yín. Báyìí, tájá bá gbóhùn ẹsẹ̀ yín nígbà tó ń jẹun, ohun tó túmọ̀ sí fún un ni pé oúnjẹ fẹ́ dín. Ẹ fẹ́ kó túmọ̀ sí pé oúnjẹ fẹ́ pọ̀ sí i. Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú, rí i lára àwọn ajá tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí oúnjẹ tó dé ẹnu wọn ni itọ́ ti ń dà; wọ́n kàn rí ẹni tó máa ń bọ́ wọn ni. Ara wọn ti so ẹni náà mọ́ oúnjẹ. Irú okùn yẹn lẹ fẹ́ so láàárín ara yín àti inú dídùn ajá yín.

Ẹ wá ohun tó dára gan-an ju ohun tó wà nínú abọ́ lọ. Ẹran adìyẹ tẹ́ ẹ bọ̀ láìsí iyọ̀, tẹ́ ẹ yọ egungun rẹ̀, tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, ó dáa. Ẹ má lo ohunkóhun tó ní àlùbọ́sà, ṣokoléètì, èso àjàrà, tàbí xylitol tí wọ́n fi ń mú nǹkan dùn dípò ṣúgà. Wọ́n ń pa ajá lára. Egungun tí wọ́n ti sè náà léwu, ó máa ń fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó.

Ẹ gbé oúnjẹ tó mọ́ ọn lára fún un. Ẹ jìnnà títí dé ibi tí kò ti ka yín sí rárá. Fún ajá kan, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni. Fún òmíràn, ẹnu ilẹ̀kùn yàrá kejì ni. Ẹ ṣí ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ ju ẹran wẹ́ kan sẹ́bàá abọ́, ẹ yí padà, ẹ lọ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú oúnjẹ kan ti tó, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ kó jẹun ní ìrọ̀rùn. Ẹ má dúró wò ó, ẹ má bá a sọ̀rọ̀ gígùn. Lílọ yín náà wà lára ẹ̀bùn yẹn: ẹ dé, ẹ fi nǹkan kún un, ẹ ò mú nǹkan kan, ẹ lọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ṣe. Ẹsẹ̀ yín ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹran. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ na ẹran sókè, tẹ́ ẹ ń fi í tan ajá, kẹ́ ẹ tó wá sún mọ́ abọ́, ohun tó máa kọ́ ni pé tó bá ti rí ẹran, kó ṣọ́ra, ẹnì kan fẹ́ sún mọ́ òun. Ẹ kó ẹran náà pamọ́ sínú àpò. Kó kọ́kọ́ gbóhùn ẹsẹ̀, kó wá rí ẹran lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà lójoojúmọ́.

Ìgbà wo lẹ máa sún mọ́ ọn sí i? Ajá ló máa sọ. Lọ́jọ́ kan, ẹ máa rí i pé bẹ́ ẹ ṣe yọ, ó gbé orí kúrò nínú abọ́ fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ ń wo ọwọ́ yín, ó ń retí. Ojú yẹn lẹ ń wá. Tẹ́ ẹ bá ti rí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìyingin, ẹ fi ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo kún un. Tí ọrùn rẹ̀ bá le, ẹ ti yára jù. Ẹ padà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má bá a wí. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, àti pé ẹni tó bá fò lórí ìpele kan nínú iṣẹ́ yìí á padà wá ṣe é ni.

Ó gba Dúdú tó ọjọ́ mọ́kànlá kó tó gbé orí sókè fún mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dáwọ́ jíjẹ dúró, àyà mi já, torí dídáwọ́ dúró yẹn ni mo mọ̀ mọ́ ìjà. Àmọ́ etí rẹ̀ ò dẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ síwájú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ó jókòó. Abọ́ ńbẹ níwájú rẹ̀ tí oúnjẹ kún inú rẹ̀, ó sì jókòó ń wò mí. Gbogbo ẹran tó kù lọ́wọ́ mi ni mo fún un.

Tẹ́ ẹ bá ti lè dé ẹ̀gbẹ́ abọ́ láìsí wàhálà, ẹ lè máa dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ sọ ẹran sínú abọ́ látòkè. Ẹlòmíràn nínú ilé tó jẹ́ àgbàlagbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ látòkèèrè náà, torí ajá kì í gba ẹsẹ̀ yín mọ́ tẹlòmíràn. Fún ọ̀pọ̀ ajá, ẹ dúró síbẹ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ máa gbé abọ́ lójú oúnjẹ, mi ò sì rí ìdí tẹ́nì kan á fi fẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni èyí, ó lè di oṣù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú níí le koko. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi ṣì ní àpá tó ń rán mi létí.

Pàṣípààrọ̀

Ọjọ́ kan á jọ́kan tájá máa gbé ohun tó léwu sẹ́nu, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ kọ́ ọ sílẹ̀ de ọjọ́ náà, nígbà tí kò sí wàhálà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣeré tí kò kà sí: ẹ sọ pé "jù ú sílẹ̀", ẹ gbé ẹran wẹ́ sí i nímú, á la ẹnu, á jẹ ẹran, kẹ́ ẹ wá dá ìṣeré rẹ̀ padà fún un. Dídá a padà yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Ajá tó mọ̀ pé ohun tóun jù sílẹ̀ á tún padà wá, kí ni á máa dì í mọ́yà fún? Ẹ fi ìṣeré tó fẹ́ràn díẹ̀ tẹ̀ lé e, títí ẹ ó fi dé orí èyí tó fẹ́ràn jù.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì kọ́ ọ, tí nǹkan eléwu sì ti wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má lé e, ẹ má sì ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ bu ẹran ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fọ́n ọn káàkiri ilẹ̀ níbi tó jìnnà sí i. Tó bá lọ ṣà á, ẹ tilẹ̀kùn sáàárín rẹ̀ àti ohun tó fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e.

Ọmọ ajá tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé rọrùn ju èyí lọ fíìfíì. Kó ní abọ́ tirẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kọjá nígbà tó ń jẹun, ẹ ju nǹkan aládùn sí i, kẹ́ ẹ máa lọ. Kò jù bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí apá ò bá ká a

Tó bá ti gé ẹnì kan jẹ dé ẹ̀jẹ̀, tó bá ń sáré wá látòkèèrè láti lé èèyàn kúrò nídìí oúnjẹ, tẹ́ ẹ ò bá lè sọ ohun tó ń ṣọ́ mọ́ torí ó ti di gbogbo nǹkan, tàbí tí ọmọ kékeré ń gbé nínú ilé náà, ẹ má dá a ṣe. Ẹ ní kí dókítà ẹranko júwe ẹni tó mọ̀ nípa ìwà ajá fún yín. Ẹ bi ẹni náà ní ohun tó máa ṣe tájá bá kùn. Tó bá dáhùn pé òun á fi okùn fún un lọ́rùn, tàbí pé òun á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi juwọ́ sílẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó mọṣẹ́ ní kẹ́ ẹ kọ́ ajá láti máa wọ ohun ìbonu, irú èyí tó rí bí agbọ̀n, tí á jẹ́ kó lè mí dáadáa kó sì mumi. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Tí eyín ajá bá sì wọ ara èèyàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ajá náà ti gba abẹ́rẹ́. Àrùn dìgbòlugi kì í fúnni láyè mọ́ tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gbà kó tó hàn ló ń gbani là.

Dúdú ti dàgbà báyìí. Ó ṣì ń jẹun ní igun tirẹ̀, tí àlejò bá sì wà nílé, mo ṣì ń tilẹ̀kùn. Láàárọ̀ yìí mo kọjá lọ mú bàtà mi lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó wo ọwọ́ mi, ó rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lónìí, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.